Orúkọ Hàwáù Lórí Iṣẹ́ Tàwàkálítù

Ọmọbìnrin tó ni ìtàn yìí ló ní kí n má yí orúkọ òun padà. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sọ pé òjò ò tíì rọ̀ lóko.

Hàwáù ni. Ọmọ Kambolé ní Togo ni, ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Bàbá rẹ̀, Alhaji Mùhámmádù, ń dá oko iṣu àti òwú, gbogbo ìlú sì mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó rán ọmọbìnrin níwèé dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin kò dé. Sokodé ló ti ń kàwé, nínú labo kékeré kan, yàrá ìwádìí. N kò ní sọ ilé ẹ̀kọ́ tó ni ín.

Ẹnì kejì rẹ̀ nínú labo ni Tàwàkálítù, ọmọ Tchamba, tó fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Òun ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ láti orí bí wọ́n ṣe ń fọ ìgò. Yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n ni Hàwáù ń pè é, kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán nígbà náà.

Iṣẹ́ wọn kò ṣòroó yé, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi Faransé gígùn sọ ọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gé bíríkì: wọ́n á da amọ̀ sínú àpótí onígi, tó bá ti mú, wọ́n á yọ àpótí kúrò. Àpótí tiwọn jẹ́ àwo funfun roboto kan, fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí ihò inú rẹ̀ kò lóǹkà, tí ojú lásán kò sì lè rí ẹyọ kan nínú wọn. Wọ́n á rì í sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á gbé e sínú ààrò oníná. Kẹ́míkà á gan sínú àwọn ihò náà, á sì di wáyà. Bí ẹ bá la irun orí kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni wáyà náà.

Irú wáyà yìí máa ń jẹ́ kí iná kọjá nígbà míì, nígbà míì kò ní gbà. Wọ́n fi ń ṣe ohun tó ń gba agbára oòrùn, àti ohun tó ń gbọ́ òórùn gáàsì kí ènìyàn tó gbọ́ ọ.

Àmọ́ àpótí tiwọn kò ṣeé yọ bíi ti bíríkì. Soda líle, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ni wọ́n máa ń rì í sí títí àwo á fi yọ́ tán, tí wáyà nìkan á ṣẹ́kù. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní kádímíọ̀mù ni Tàwàkálítù fi ń ṣe tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n bíi pupa ẹyin. Síńkì ni ti Hàwáù, funfun ni.

Lọ́dún yẹn, ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan jáde: ọdún mẹ́ta nílẹ̀ òkèèrè, àyè kan ṣoṣo fún labo wọn. Prof Adébáyọ̀, ọ̀gá wọn, pe àwọn méjèèjì.

“Ẹni tí fọ́tò wáyà rẹ̀ bá dára jù ni màá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́,” ló sọ. “Ẹ má bá ara yín jà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ jà?

Òfin kan wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún kò lè gbà á. Oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni Tàwàkálítù máa pé ọgbọ̀n. Tí kò bá rí i lọ́dún yẹn, ó parí fún un nìyẹn. Hàwáù ṣì ní ọdún bíi mẹ́rin tó lè fi gbìyànjú. Mo bi í dáadáa bóyá ó mọ èyí nígbà tó ń ṣe ohun tó ṣe. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Ó ní kò sí ìgbà kankan tí òun kò mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kìíní, Hàwáù lọ kí àwọn ará ilé ní Kambolé. Bàbá rẹ̀ bi í pé, “Àyè òkèèrè tí o sọ ńkọ́?”

Ká ní ó dáhùn pé àwọn ò tíì mọ̀ ni, ǹ bá má ní ohun tí màá kọ lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò wà níbẹ̀, gbogbo wọn sì ń wo ẹnu rẹ̀.

“Èmi ni wọ́n máa mú,” ló sọ.

Ní ọjọ́ kejì, Alhaji pa àgbò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ará Kambolé, ẹ mọ̀ pé wọn kì í fi ọpẹ́ falẹ̀. Lẹ́mọ́mù wá, àwọn àgbà wá, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi Hàwáù sí àárín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà. Àwọn ìyá àgbà ń fọwọ́ kan orí rẹ̀. Gbogbo ìlú dúpẹ́ ohun tí kò tíì sí.

“Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́?” ni mo bi í.

“Ẹran ni mò ń jẹ,” ló fi dá mi lóhùn.

Ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò sí ní Sokodé. Ńṣe ni wọ́n di wáyà wọn sínú ìgò kéékèèké, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ẹ̀rọ náà nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n sì ń retí. Kò sí àwọ̀ nínú fọ́tò ẹ̀rọ yẹn, dúdú àti funfun nìkan ni. Nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè mọ èyí tó pọ́n yàtọ̀ sí èyí tó funfun.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kejì, lọ́sàn-án, fọ́tò dé. Prof wà ní Lomé. Hàwáù ló máa ń bójú tó lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà labo, torí pé ọwọ́ rẹ̀ yá sí i. Tàwàkálítù ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.

“Mò ń lọ ra wákyé. Ṣé kí n fi ata kún tìẹ?”

“Ẹ fi kún un, ẹ̀gbọ́n.”

Bó ṣe jáde báyìí ni lẹ́tà wọlé.

Hàwáù kọ́kọ́ ṣí ti ara rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Eruku díẹ̀, bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ó ṣí ìkejì, bákan náà. Fọ́tò mẹ́fà, òfìfo mẹ́fà.

Ó wá ṣí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wáyà ló kún ibẹ̀. Wọ́n dúró ṣánṣán, gbogbo wọn dọ́gba, wọ́n lọ salalu bí oko ọkà bàbà tó ti yọrí tán.

Ó ní inú kò bí òun. Ó ní òun kò sunkún. Ara òun kàn kú ni, bíi ti ẹni tó jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́. Kò sí orúkọ lójú fọ́tò náà. Orí fáìlì nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí: H fún Hàwáù, T fún Tàwàkálítù.

Ó pa T kan rẹ́, ó kọ H. Ó pa H kan rẹ́, ó kọ T.

Ó lè dúró níbẹ̀. Kò dúró. Ó ní òun ronú kan bàbá òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti ẹní tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ igi, lẹ́yìn náà òun ń bá iṣẹ́ lọ. Fáìlì méjìlá ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, ó pa lẹ́tà tí wọ́n fi kó wọn wá rẹ́.

Tàwàkálítù wọlé pẹ̀lú ọ̀rá wákyé méjì, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà.

“Ẹyin kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ obìnrin yẹn, mo ní kó fi sí tìẹ.”

“Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò ti dé.”

“Attends, dúró ná, jẹ́ kí n fọwọ́.”

Ó fọwọ́, ó nu ọwọ́, ó jókòó. Hàwáù ṣí T àkọ́kọ́ fún un, ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹta.

“Òfìfo,” ni Tàwàkálítù sọ. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀.”

Tàwàkálítù ti ọ̀rá wákyé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tìẹ ńkọ́?”

Hàwáù ṣí i. Tàwàkálítù fi ojú sún mọ́ kọ̀ǹpútà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó wá yíjú padà, ó gbá Hàwáù mọ́ra.

“Wò bí wọ́n ṣe dúró! Alhamdulillahi. Vraiment, lóòótọ́, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wa.”

Wọ́n jọ jẹun. Hàwáù jẹ ẹyin náà.

Inú bí mi nígbà tó dé ibí yìí, n kò ní purọ́ fún yín. Mo gbé gègé sílẹ̀. Mo ní, “O jẹ ẹ́?” Ó ní ebi ń pa òun ni.

Tàwàkálítù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ó kó ìwé tó ń kọ iṣẹ́ sí jáde, ó ń kà á láti ojú ìwé kìíní. Ní àárọ̀, bí wọ́n bá ń po ẹ̀kọ, á ní, “Hàwáù, níbo ni mo ti ṣe àṣìṣe?” Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á wà lẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí labo, á fẹnu sí i létí: “Ṣé omi yẹn ni kò gbóná tó?”

“Bóyá ọjọ́ tí wọ́n mú iná lọ ni,” ni Hàwáù dáhùn. “Ààrò tutù lójijì. Ìyẹn ló bà á jẹ́.”

“Ṣùgbọ́n a jọ lo ààrò yẹn ni.”

“Ó lè jẹ́ kádímíọ̀mù yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó lè jẹ́ pé kò dára látilẹ̀.”

Tàwàkálítù gbà á gbọ́. Ó ṣì ní àwo mẹ́rin tí wáyà rẹ̀ ti gan sínú wọn, tí kò tíì fi sínú soda. Wáyà tó dáa ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun àsárì, ó kó wọn jọ sínú àpò ọ̀rá pẹ̀lú àwọn ìgò rẹ̀, ó fẹ́ kó wọn dà sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí kẹ́míkà sí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún.

“Bá mi di ẹnu àpò yìí.”

Hàwáù bá a dì í. Ó so ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó má baà tú.

“N kò bínú,” ni Tàwàkálítù sọ. “Mo rò pé mo mọ iṣẹ́ yìí ni. Donc, ó hàn pé n kò mọ̀ ọ́n.”

Ní ìparí oṣù Kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Sokodé. Wọ́n ń wá olùkọ́ ìṣirò ní kọ́léèjì kan ní Koussountou, ó lọ gbà á. Prof Adébáyọ̀ fi orúkọ Hàwáù ránṣẹ́.

Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọkàn ẹni tó bá hùwà ibi kì í jẹ́ kó sùn. Hàwáù ní kí n sọ fún yín pé òun sùn. Òun jẹun, òun fọṣọ, òun kọ iṣẹ́ náà tán ní ojú ìwé ọgọ́fà, òun sì tún sanra díẹ̀. Bí ẹ bá ń dúró kí ọkàn yín kígbe kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ti ṣe ibi, ó ní kí ẹ má dúró. Ti òun kò sọ nǹkan kan.

Oṣù Karùn-ún ni wọ́n pe ìgbìmọ̀ tó máa yẹ iṣẹ́ náà wò. Alhaji gba mọ́tò láti Kambolé pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́rin nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n jókòó sí iwájú. Tàwàkálítù náà wá. Ó gun ọ̀kadà láti Koussountou, eruku dé orúnkún rẹ̀, ó sì ra gèlè kan dání fún Hàwáù. Ó jókòó sẹ́yìn. Ó wá pàtẹ́wọ́ fún àbúrò rẹ̀.

Hàwáù sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínlógójì, kò ṣì sọ. Fọ́tò náà tóbi lára ògiri. Àwọn àgbà Kambolé kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n wọ́n ń mi orí.

Ẹni tó béèrè ìbéèrè kẹ́yìn ni Madame Moṣọpẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́míkà tó wá láti orílẹ̀-èdè Benin, ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó rọra ń sọ Faransé rẹ̀.

“Kí lo fi yọ àwo náà kúrò, ọmọ mi?”

“Soda, Madame.”

“Ṣé èyí tó le?”

“Èyí tó le. Bí a ṣe máa ń ṣe é ní labo wa nìyẹn.”

“Ó pẹ́ tó ìgbà wo nínú rẹ̀?”

“Ọjọ́ kan gbáko.”

“Síńkì sì ni wáyà rẹ.”

“Síńkì ni, Madame.”

Madame Moṣọpẹ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Soda máa ń jẹ síńkì tìrẹ yìí. Bó ṣe ń jẹ àwo náà ló ń jẹ wáyà. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, kò yẹ kí ẹyọ kan kù. Kí wá ni mò ń wò lára ògiri yìí?”

Ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ni Prof Adébáyọ̀ kọ́, kì í ṣe kẹ́míkà. Ó ní bóyá soda náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Madame Moṣọpẹ́ kò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n gbé soda labo wá, àti ìyẹ̀fun síńkì funfun tí Hàwáù lò gan-an. Ó bu ìwọ̀nba ìyẹ̀fun náà sínú gíláàsì, ó da soda lé e, wọ́n gbé e lé iná díẹ̀.

Omi náà funfun bí omi ọ̀gì. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni funfun náà ń lọ. Nígbà tó yá, èèyàn ń rí ìka Madame Moṣọpẹ́ láti òdì kejì gíláàsì.

Ìgbà yẹn ni Hàwáù tó mọ ìdí tí fọ́tò tirẹ̀ fi ṣófo. Wáyà rẹ̀ ti wà nínú àwo rí, òun fúnra rẹ̀ ló yọ́ ọ dànù. Bí ó ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń parí iṣẹ́ ló ṣe parí tirẹ̀, láìbéèrè bóyá síńkì lè fara da ohun tí kádímíọ̀mù ń fara dà. Ká ní ó fi òfìfo rẹ̀ han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kí Tàwàkálítù ti bá a rí i kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

“Hàwáù.”

Tàwàkálítù ti dìde lẹ́yìn. Kò pariwo, Yorùbá ló sì fi sọ ọ́. “Kádímíọ̀mù ni soda kì í jẹ.”

Gbogbo orí yí padà sí i.

“Ṣé tèmi ni?”

Prof Adébáyọ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó mú fóònù, ó jáde. Ẹni tó ní ẹ̀rọ fọ́tò nílẹ̀ òkèèrè ló lọ pè; onítọ̀hún kò tíì pa nǹkan kan rẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn fáìlì náà fi tún wọlé, wọ́n ṣí wọn sára ògiri lójú gbogbo ènìyàn. Oko ọkà bàbà náà tún nà sílẹ̀. T ló wà lórí rẹ̀.

Alhaji fi ìgúnpá gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi í ohun tí wọ́n ń sọ. Onítọ̀hún ń wo ilẹ̀. Ó bi ẹlòmíràn, bákan náà. Ó wá dìde, ó gbé ohùn sókè.

“Hàwáù, kí ni wọ́n ń sọ?”

“Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n Tàwà ni, Bàbá,” ni ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn. “Mo jí i.”

Ó ní bí òun ṣe sọ ọ́ báyìí, ó dà bí ẹni pé òun ń ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ. Bàbá rẹ̀ jókòó. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Gèlè náà ṣì wà lórí ẹsẹ̀ Tàwàkálítù nínú ọ̀rá rẹ̀.

Wọ́n yọ Hàwáù kúrò ní labo lọ́sẹ̀ yẹn. Prof Adébáyọ̀ kọ̀wé sí àwọn tó ń fún ni ní ìrànwọ́ náà pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi Tàwàkálítù rọ́pò. Wọ́n dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Wọn kò tún kọ̀wé mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Alhaji mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Tchamba, sí ilé àwọn òbí Tàwàkálítù, òun àti àwọn àgbà mẹ́rin kan náà. Hàwáù kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Àwọn àgbà bẹ̀bẹ̀. Bàbá Tàwàkálítù ní àwọn ti gbọ́, nítorí Ọlọ́run, ó ti tán. Ìyá rẹ̀ bu omi fún gbogbo wọn mu. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ ju bí ènìyàn ṣe ń jẹ oúnjẹ òwúrọ̀ lọ.

Tàwàkálítù, tó ti wá láti Koussountou, jókòó kọjú sí Hàwáù.

“Wọ́n ní kí n dárí jì ọ́, mo sì ti dárí jì ọ́,” ló sọ. “Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ọjọ́ tí mo ń da iṣẹ́ mi nù, mo ní kí o bá mi di àpò, o sì bá mi dì í. O wo ojú mi. Kí lò ń rò?”

Hàwáù wá ìdáhùn nínú ara rẹ̀. Ó ní òun wá a tọkàntọkàn, òun fẹ́ rí ìlara, òun fẹ́ rí ẹ̀rù tàbí ìtìjú, ohunkóhun tí òun lè kó lé ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́.

“N kò ro nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n.”

Tàwàkálítù mi orí. Ó kí àwọn àgbà pé kí wọ́n máà bínú, òun ní ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé tí òun máa yẹ̀ wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wọlé lọ.

Ìgbà yẹn ni Alhaji Mùhámmádù, tí omi kò tíì bọ́ lójú rẹ̀ látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, fi etí aṣọ bojú, tó sì ń sunkún lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Hàwáù wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ń retí kí ẹkún tòun náà dé. Mo bi í bóyá ó padà dé. Ó ní kò tíì dé.